Ṣé ilé ni White Sox ń kọ́, àbí pákó ilé ni wọ́n ń tà?

Ìbéèrè

Apá gúúsù ìlú Chicago ni mò ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ló sì fà mí wọ inú bésíbọ́ọ̀lù. Ní 2024, mo ra aṣọ White Sox, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù apá ìlú wa, fún un, mo sì ní kí wọ́n kọ orúkọ Garrett Crochet, ajubọ́ọ̀lù wọn, sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé Crochet fún Boston. Ọmọ náà sunkún. Mo ra ti Luis Robert fún un ní 2025, ṣùgbọ́n ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026 yìí, òun náà ti di ará Mets ní New York. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ ní àtúnkọ́ ni àwọn ń ṣe, kí á ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbọ́ pé wọ́n wí nígbà tí wọ́n ta ajubọ́ọ̀lù wọn, Chris Sale, ní 2016. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tẹ̀lé wọn tipẹ́, ṣé ilé ni wọ́n ń kọ́ lóòótọ́, àbí pákó ilé ni wọ́n ń tà? Orúkọ ta ni kí n sì kọ sí aṣọ ọmọ mi lọ́dún yìí?

* * *

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó ń kà á tí wọn kò mọ eré yìí. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú líìgì àgbà lọ́dún. Ní 2024, White Sox borí nínú 41 péré, wọ́n pàdánù 121, kò sì sí ẹgbẹ́ tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún 1900. Láàárín oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún ọdún yẹn, eré 21 ni wọ́n pàdánù léraléra láìsinmi. Chris Getz, tó di ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ríra àti títà agbábọ́ọ̀lù ní ìparí oṣù Ògún 2023, ló bá ẹrù náà nílẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí á mọ̀ ni pé agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì àgbà kò lè fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 6. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tó kéré jù lọ nínú líìgì ni wọ́n sábà máa ń san fún un, lẹ́yìn náà ni owó á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, títí di ọjọ́ tó máa gba òmìnira tí á sì lọ síbi tí owó bá ti pọ̀ jù. Ọdún tó ṣẹ́ kù kí òmìnira yẹn tó dé ni ẹgbẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ kọ́ ń tà ní ti gidi. Ẹni tí ọdún 2 kù fún ń mówó wá ju ẹni tí oṣù 3 kù fún lọ.

Láàárín àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí, ohùn kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ tó ń pàdánù eré 121 tó sì ní ajubọ́ọ̀lù ńlá kan ṣoṣo dà bí ẹni tó dé fìlà olówó iyebíye sórí tí kò wọ ṣòkòtò, nítorí náà kí wọ́n ta fìlà ra aṣọ. Àwọn mìíràn ní àgbẹ̀ tó bá ń ta irúgbìn rẹ̀ lọ́dọọdún kò ní kórè láéláé. Èrò tèmi ni pé títà kọ́ ni àìsàn White Sox. Ìgbà tí wọ́n bá tà tán, tí ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà wá dàgbà, tí ó wá ku kí wọ́n tú owó síta láti fi àgbà tì í lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti máa ń há.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé níbí pé Boston rẹ́ wa jẹ lórí Crochet, ó sì ka ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe ní 2025: ó borí eré 18, ó pàdánù 5, ó lé ènìyàn 255 padà sórí ìjókòó, ó sì ṣe ipò kejì nínú ìdíje Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ní American League, ọ̀kan nínú apá méjì tí líìgì àgbà pín sí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Boston san kí wọ́n tó lè fi í sọ́wọ́: àdéhùn ọdún 6 tí owó rẹ̀ jẹ́ 170 mílíọ̀nù dọ́là. Owó tó tóbi jù lọ tí White Sox tíì fọwọ́ sí fún agbábọ́ọ̀lù kan láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni 75 mílíọ̀nù fún ọdún 5, tí wọ́n fún Andrew Benintendi ní 2023. Jerry Reinsdorf ló ti ni ẹgbẹ́ yìí láti 1981, mi ò sì rí ohun kan nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí tó lè mú mi gbà pé yóò san 170 mílíọ̀nù fún ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lápá rí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé Crochet lọ gan-an, ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, ni Mets gbà láti san 765 mílíọ̀nù fún Juan Soto. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná.

Bí ẹni tó ni ín kò bá ní san owó, tí ọdún 2 péré sì kù, ìbéèrè tó kù ni iye tí wọ́n gbà. Ọ̀dọ́ 4 ni Boston fi sílẹ̀: Kyle Teel tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi, Braden Montgomery tó ń ṣọ́ pápá ẹ̀yìn, Chase Meidroth tó ń ṣọ́ pápá inú, àti Wikelman González tó ń ju bọ́ọ̀lù. Meidroth wọ líìgì àgbà ní oṣù Igbe 2025, Teel tẹ̀lé e ní oṣù Òkúdù. Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù tó sì tún mọ igi í lò ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nínú eré yìí. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá a, díẹ̀ ló ń rí i. Bí Teel nìkan bá dúró, mo gbà pé pàṣípààrọ̀ náà kò ṣòfò. Bí Montgomery bá tún yọ sí i, àwọn ará Boston ni yóò máa ka iye tí wọ́n san.

* * *

Mo fẹ́ kí bàbá ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ìbànújẹ́ náà yé mi. Mo wà ní pápá ìṣeré ní òpópónà 35 ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2024. Wọ́n ti pàdánù 120 lọ́jọ́ náà, ọ̀kan sí i ni yóò sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tó burú jù lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn wá kí ó lè ṣojú wọn. Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú mi, ó gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sórí itan, ó ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àmì kéékèèké bí ẹni tó ń tẹ ifá sórí ọpọ́n. Nígbà tí àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé kí Reinsdorf ta ẹgbẹ́ náà, kò gbé orí sókè. Nígbà tí White Sox yí eré náà padà tí wọ́n borí ní 3 sí 2, ó fa ìlà sábẹ́ ojú ìwé, ó ká a, ó sì ṣí ojú ìwé tuntun fún ọ̀la kó tó dìde. Gbogbo eré mẹ́ta tí wọ́n gbá pẹ̀lú Angels, ẹgbẹ́ tí wọ́n borí lọ́jọ́ náà, ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n borí. Ìlú Detroit ni wọ́n ti pàdánù ìkọkànlélọ́gọ́fà lẹ́yìn náà. Bàbá yẹn ni mo máa ń rántí bí ẹnìkan bá sọ pé kí àwọn olólùfẹ́ ní sùúrù. Sùúrù ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí ẹgbẹ́ jẹ wá lórí sùúrù náà ni mò ń béèrè.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Houston, mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní Astros, ẹgbẹ́ ìlú yín, pàdánù eré 106 ní 2011, 107 ní 2012, 111 ní 2013, wọ́n sì gba ife ní 2017, nítorí náà kí White Sox máa pàdánù lọ títí àwọn ọ̀dọ́ tó dára jù á fi pé sọ́wọ́ wọn.

Òfin tí Astros lò ti yí padà. Nígbà tiwọn, ẹgbẹ́ tó bá burú jù ló ń kọ́kọ́ yan nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ 2022 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké fún ipò 6 àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ tí owó ìlú ńlá bá sì ń wọlé fún kò gbọdọ̀ jẹ nínú kèké náà lọ́dún méjì léraléra. Chicago jẹ́ ìlú ńlá. White Sox tó pàdánù 121, tí ojú wọn ti rí gbogbo ìtìjú yẹn, ipò 10 ni wọ́n ti yan ọ̀dọ́ ní 2025. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2025 ni kèké tó ṣẹ́ fún wọn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ yan ní 2026. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n oríire ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè é ní ètò.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n rà lówó pọ́ọ́kú ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ní àkókò òtútù 2024 sí 2025, wọ́n san 5 mílíọ̀nù fún Martín Pérez, 3.5 mílíọ̀nù fún Josh Rojas, wọ́n sì san ohun tó kéré sí ìyẹn fún Mike Tauchman àti Austin Slater. Àwọn tó ń kọ̀wé níbí pè é ní aṣọ òkìrìkà. Mo yàtọ̀ sí wọn lórí èyí. Ẹgbẹ́ tó wà ní ipò yẹn gbọ́dọ̀ ní àgbà díẹ̀ tí yóò di àyè mú kí wọ́n má bàa ti ọ̀dọ́ tí kò tíì gbó wọ inú iná.

Ẹ wo ọ̀ràn Adrian Houser. Ní oṣù Ẹ̀bìbì 2025, kò ní ẹgbẹ́. White Sox gbà á, ó ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré 11 fún wọn, gbogbo rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí Tampa Bay fi fún wọn ní Curtis Mead àti ajubọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ 2 láti gbà á ní ìparí oṣù Agẹmọ. Ẹ tún wo Shane Smith. Òfin kan wà tó ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ mú ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ mìíràn kò dáàbò bò, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò wà ní líìgì àgbà jálẹ̀ ọdún. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, White Sox ló kọ́kọ́ mú, Smith ni wọ́n sì mú láti ọwọ́ Milwaukee. Nígbà tó fi máa di oṣù Agẹmọ, ó ti wà láàárín àwọn àṣàyàn líìgì nínú eré All-Star. Ẹni tó bá ní Getz kò mọ nǹkan kan ní láti ṣàlàyé Smith fún mi.

* * *

Ẹ jẹ́ kí á padà sí 2016, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Sale lọ sí Boston, Yoán Moncada tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀dọ́ tó dára jù lọ nínú gbogbo líìgì kékeré, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó dé líìgì àgbà, sì wá, pẹ̀lú Michael Kopech. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Adam Eaton lọ sí Washington, Lucas Giolito, Reynaldo López àti Dane Dunning sì wá. Ní 2017, José Quintana kọjá sí òdìkejì ìlú wa, lọ́dọ̀ Cubs, wọ́n sì fi Eloy Jiménez àti Dylan Cease dí i. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n tà á lọ́pọ̀. Ìtà tó mọ́ ojú owó ni. Giolito ju eré kan tí ẹnikẹ́ni kò ti rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kan gbá yọrí ní 2020. Cease ṣe ipò kejì fún Cy Young ní 2022. Wọ́n wọ ìdíje àṣekágbá ní 2020, wọ́n tún wọ̀ ọ́ ní 2021 lẹ́yìn tí wọ́n borí 93.

Kí ló wá dé? Wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún méjèèjì, wọ́n di 81 sí 81 ní 2022, wọ́n sì pàdánù 101 ní 2023. Àìsàn àti ìfarapa wà níbẹ̀, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2019, nígbà tí Manny Machado ní òmìnira. White Sox gba Yonder Alonso tó jẹ́ àna rẹ̀, wọ́n gba Jon Jay tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹbí wá ìyàwó. Gbogbo àwa tó wà nílé ń dúró de ọjọ́ ìdána. San Diego ló kó 300 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ọdún 10, ìyàwó sì tẹ̀lé wọn lọ. Àna àti ọ̀rẹ́ ló kù sí wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ra Yasmani Grandal ní 73 mílíọ̀nù àti Dallas Keuchel ní 55.5 mílíọ̀nù, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ẹni tó lè yí ẹgbẹ́ padà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń gba owó kékeré. Ọdún mẹ́ta tí ọ̀dọ́ bá fi ń gba owó kékeré ni ọdún tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ná owó. Wọ́n jẹ́ kí ó kọjá.

Ẹni tó sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú títà pátápátá, kí wọ́n máa fi ọ̀dọ́ ra àgbà, kó rántí oṣù Òkúdù 2016. White Sox fi ọmọ ọdún 17 kan ránṣẹ́ sí San Diego kí wọ́n lè gba James Shields. Orúkọ ọmọ náà ni Fernando Tatis Jr., ó sì di ìràwọ̀ ńlá fún San Diego.

* * *

Lórí Luis Robert, èmi àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín kò lè gbà fún ara wa. Ẹ ní owó pọ́ọ́kú ni wọ́n tà á. Luisangel Acuña àti ajubọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Truman Pauley ni Mets fi sílẹ̀, ó sì kéré lóòótọ́ fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, èyí tó níye lórí jù nínú gbígbá bọ́ọ̀lù, nígbà 38 ní 2023. Ìparí 2023 ló yẹ kí wọ́n ti tà á. Láti ìgbà náà, ó farapa léraléra, bọ́ọ̀lù 14 ló gbá kọjá ògiri ní 2024, 14 náà ló tún gbá ní 2025, owó rẹ̀ sì ti di 20 mílíọ̀nù fún ọdún 2026. Àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí ni kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró.

Ohun tí mò ń wò ni ibi tí 20 mílíọ̀nù yẹn yóò gbà. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2025, wọ́n fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Munetaka Murakami láti Japan, 34 mílíọ̀nù fún ọdún 2. Ọkùnrin yìí gbá bọ́ọ̀lù 56 kọjá ògiri fún Yakult Swallows ní 2022, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22. Àwọn tó ń bẹ̀rù ní ó máa ń fi igi lu afẹ́fẹ́ jù, àti pé àwọn ajubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí bọ́ọ̀lù wọn ń yára bí ọta ìbọn yóò fi í ṣẹ̀sín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn ọdún 2 ni, kò lè dè wọ́n lọ́wọ́, bó bá sì yọrí, ẹgbẹ́ yìí yóò ní agbára tí wọn kò ní láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, láti ìgbà tí Getz ti dé, tí mo rí wọn tí wọ́n ra ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà ń wò. Mo yọ̀, n kò fi bò.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kansas City, tí wọ́n wà ní ìpín kan náà pẹ̀lú wa, pàdánù 106 ní 2023. Ní àkókò òtútù yẹn gan-an, wọ́n gba Seth Lugo ní 45 mílíọ̀nù, wọ́n gba Michael Wacha ní 32 mílíọ̀nù, wọ́n sì fún ọ̀dọ́ tiwọn, Bobby Witt Jr., ní àdéhùn ọdún 11 tó lé ní 288 mílíọ̀nù. Ní 2024, wọ́n borí 86, wọ́n sì wọ ìdíje àṣekágbá. Ìlú wọn kò tó Chicago ní ìdajì. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò sówó.

* * *

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣọ.

Bí ọmọ náà bá fẹ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí, Colson Montgomery ni kí ẹ kọ. Ẹgbẹ́ fúnra wọn ló yàn án tí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà, ó dé líìgì àgbà ní oṣù Agẹmọ 2025, ó sì gbá bọ́ọ̀lù 21 kọjá ògiri nínú eré 71. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kù kó tó gba òmìnira. Bí wọ́n bá fún un ní àdéhùn gígùn kó tó di ọ̀wọ́n, bí Kansas City ti ṣe fún Witt, mo máa padà wá síbí láti sọ pé ilé ni wọ́n ń kọ́. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì, mo máa kọ ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè èyí tí èmi wọ̀, nọ́ńbà 9 ni, Minnie Miñoso. Ọmọ Perico ni, ní ẹkùn Matanzas ní Cuba, níbi tí àwọn ẹ̀yà wa ṣì ti ń lu bàtá fún òrìṣà títí dòní. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún White Sox, ní 1951, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní ìgbà àkọ́kọ́ tó di igi mú fún wọn. Òun náà, wọ́n tà á. Ní ìparí 1957, wọ́n gbé e fún Cleveland, wọ́n sì gba Early Wynn àti Al Smith. Wynn borí eré 22 ní 1959, White Sox sì gba ife American League fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1919, Miñoso kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n tún rà á padà fún sáà 1960. Bill Veeck tó ni ẹgbẹ́ nígbà náà fún un ní òrùka ife 1959 bí ẹni pé kò lọ rárá, nítorí ó mọ̀ pé títà á wà lára ohun tó mú ife náà wá. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún ọmọ yín kí ẹ tó lọ ra aṣọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ yan.